Ohun Tí Oúnjẹ Àárọ̀ Níta Kọ́ Mi ní Àjàṣẹ́

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tó bá ń jẹun níta láàárọ̀ kò níyì. Àwọn ìyá wa gbà pé obìnrin tí kò bá dáná kí oòrùn tó yọ kò mọ ojúṣe rẹ̀, bí wọ́n bá sì rí ọkùnrin onílé lórí bẹ́ǹṣì olóúnjẹ ní agogo méje àárọ̀, wọn á ní bóyá ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò, bóyá wọ́n bára wọn jà mọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an. Nígbà tí èmi náà wá di ìyá ọlọ́mọ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Benin ń pè ní Porto-Novo, mo máa ń jí ní ìdájí láti po ògì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ aránṣọ tí mò ń ṣe kì í jẹ́ kí n tètè sùn, pàápàá bí ọdún bá ń bọ̀ tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ aṣọ wọn kíákíá. Ìgbà tí àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi, tó wá ku èmi àti bàbá wọn nílé, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ jẹun àárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ń tà níta kì í ṣe arọ́pò oúnjẹ ilé rárá. Ohun tí ààrò ilé kò lè ṣe ni àwọn obìnrin yẹn ń ṣe, ẹni tí kò bá sì lọ bá a níbi tó ti ń kúrò lórí iná kò tíì jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àkàrà ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ dín àkàrà fún ẹni méjì nílé yóò rẹ ẹ̀wà, yóò bó èèpo rẹ̀, yóò gbé e lọ sí ẹ̀rọ, yóò pò ó, yóò sì gbé epo kaná. Gbogbo làálàá yìí nítorí àkàrà tí kò kún abọ́ kan. Kò sí onílé tó máa da òróró tó jinlẹ̀ sínú agbada nítorí ẹni méjì, níbẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí òróró bá kéré, ẹ̀wà lílọ̀ tó tutù yóò pa ooru rẹ̀ ní kété tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Àkàrà kò ní rí ooru tí yóò mú ara rẹ̀ le kíákíá, yóò wá jókòó síbẹ̀ máa mu epo. Agbada alákàrà jinlẹ̀, iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì sinmi láti ìdájí, nítorí náà bó ti ń da ọ̀wọ́ kan sí i tẹ̀ lé òmíràn, ooru òróró náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n ti lọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Bí wọ́n bá ti pò ó tí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dín in ló kù, nítorí bó bá pẹ́ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò jáde, àkàrà rẹ̀ yóò sì le gbagidi. Alákàrà tó mọṣẹ́ kì í po gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bù ú sínú abọ́ kékeré, tí yóò sì máa lù ú bí àwọn oníbàárà bá ṣe ń dé.

Obìnrin tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní àdúgbò Attakè, nínú ojúde ilé kan tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní fura sí. Ojú títì ló wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó àwọn ìsọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ní ọdún 2017, ó gbé agbada rẹ̀ wọ inú ojúde, àwa oníbàárà sì tẹ̀ lé òórùn rẹ̀ débẹ̀. Mo máa ń jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Yóò ti ọwọ́ ọ̀tún bọ omi kí ẹ̀wà má baà lẹ̀ mọ́ ọn, yóò bu ẹ̀wà náà ní ìwọ̀n kan, yóò gbé ọwọ́ sún mọ́ òróró débi tí ẹ̀rù yóò fi ba àlejò, yóò wá fi àtàǹpàkò tì í wọlé láìjẹ́ kó ta sí i lára. Àkàrà náà á rì, á léfòó padà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó yí etí rẹ̀ ká. Kì í wo aago, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tí omi inú ẹ̀wà ṣì pọ̀, òróró á máa pariwo. Bí omi náà bá ti ń tán, ariwo á máa rẹlẹ̀, ìgbà náà ni yóò fi ṣíbí oníhò kó wọn sínú ajọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe ń mọ̀ nígbà tí ariwo àwọn oníbàárà bá ju ti òróró lọ. Ó ní, "Ìyá aránṣọ, ṣé ẹ máa ń wo abẹ́rẹ́ kí ẹ tó mọ̀ pé òwú ti já?" Mo dákẹ́. Òótọ́ ló sọ, etí la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ògì gbígbóná, tí àwọn ará ibí ń pè ní kókó, ló máa ń bá àkàrà náà rìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ikùn òun dúró títí di ọ̀sán á gba ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, pẹ̀lú ata díndín. Èmi kì í fi ṣúgà púpọ̀ sí ògì. Kíkan rẹ̀ ni mo ń wá, nítorí kíkan náà ló ń gé epo àkàrà lẹ́nu ẹni. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó jókòó tì mí á da ṣúgà kún tirẹ̀ títí ògì á fi ṣàn, tí mo bá sì wò ó, á rẹ́rìn-ín.

Àkàrà yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní acarajé títí di òní, tí wọ́n sì ń fi epo pupa dín in ní ìta gbangba. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ Mọ́sálásí Ńlá kọjá, nítorí àwọn ọmọ Àgùdà tó padà wálé láti Brazil ló mú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ wá, débi pé àlejò tó bá rí iwájú mọ́sálásí náà lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: lọ́hùn-ún, ìwé iyì ni wọ́n kọ iṣẹ́ alákàrà sí, nílé wa níbí, wọ́n ní ẹni tó jókòó tì í kò níyì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀. Àwọn tó kírun àárọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ alákàrà, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn oní-zémìjàn, ìyẹn àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, á tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Láàárín agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òróró ti gbóná délẹ̀ nígbà náà, kò sì tíì dúdú. Bó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, alákàrà ti ń fọ agbada, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ajọ̀ ti tutù. Ẹni tó fẹ́ràn oorun àárọ̀ kó gba kámú.

Àwọn oní-zémìjàn yìí náà ni mo fi ń ṣe atọ́nà nígbàkigbà tí mo bá dé àdúgbò tí n kò mọ̀. Wọ́n ń káàkiri ìlú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, owó tí wọ́n ń pa kò pọ̀, ebi kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gun alùpùpù dáadáa, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ibi tí oúnjẹ ti bá owó dọ́gba bíi tiwọn. Ibi tí mo bá ti rí alùpùpù tó tò lọ rẹrẹ níwájú obìnrin kan, n kì í wá pátákó, n kì í sì í béèrè orúkọ ilé oúnjẹ náà. Mo ti gba ibẹ̀ jẹ oúnjẹ tó dára ní Tokpota, ní Djassin àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Adjarra.

Bàbá àwọn ọmọ kò gbà títí di òní. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó lójúde ẹlòmíràn máa jẹun níṣojú àwọn ọmọ àdúgbò tí àwọn ń bá wí. Mo wá ń bá wọn ra tiwọn bọ̀ wá sílé. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2017 ti ka àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, abọ́ onídèérí ni mo máa ń gbé lọ, ṣùgbọ́n abọ́ náà kò sàn ju ọ̀rá lọ fún àkàrà: oru rẹ̀ á di omi lára ìdérí, omi á kán padà sórí rẹ̀, èèpo tó ń ró kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alákàrà á sì ti rọ̀ wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tán, wọn á ní kò burú, pé kò yàtọ̀ sí tilé. N kì í jiyàn. Èyí tí wọ́n jẹ kọ́ ni èyí tí mo jẹ.

Ní ọjọ́ tí mo bá mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, tí n kò ní ráyè jẹ oúnjẹ ọ̀sán, n kì í lọ bá alákàrà. Ọ̀dọ̀ oníresì ni mò ń lọ, ní ọ̀nà ọjà Ouando. Ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni, èyí tí àwọn Gùn àti àwọn Fọ̀n ń pè ní atassi, ata rẹ̀ ló sì ń gbé e níyì: wọ́n á dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi dúdú díẹ̀, tí òróró yóò sì léfòó lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún àjèjì ni bí wọ́n ṣe ń rà á. A kì í sọ pé kí wọ́n bu abọ́ kan. Iye owó séfà la fi ń pe oúnjẹ, ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀. "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ bu ìrẹsì 200, ẹ fi gaàrí 50 sí i, ẹyin kan, wàrà 100." Bí ẹni tó wà lẹ́yìn mi bá ní owó ju èmi lọ, yóò gba ẹja, bí kò bá ní, ata nìkan ni yóò gbà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti máa bù ú fún wa. Mo ti bá agbaṣẹ́ṣe ńlá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan sì jókòó sí apá òsì mi, kò sí ẹni tó yọjú wo abọ́ ẹnìkejì. Ibi púpọ̀ kò sí mọ́ nínú ìlú yìí tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti ṣeé ṣe.

Wàrà tí mo dárúkọ yẹn yẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é, apá àríwá sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Oje ewé bọ́múbọ́mú ni wọ́n fi ń mú kí wàrà màlúù dì, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ara rẹ̀ pupa, wọ́n á sè é nínú omi pòròpórò ọkà bàbà. Kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná. Wọ́n lè dín in, kí wọ́n tún fi sínú ọbẹ̀, yóò ṣì dúró lódindi, á kàn fa ata mu ni. Oníresì mi máa ń gé e ní igun mẹ́rin, á dín in títí èèpo rẹ̀ yóò fi pọ́n, á wá tẹ̀ ẹ́ bọ inú ata fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e lé orí ìrẹsì. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé, ó dára, ṣùgbọ́n ata tèmi kì í tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò débi tí nǹkan yóò fi rì sínú rẹ̀. Ohun tí mo sọ nípa òróró alákàrà náà ló tún padà wá yìí: pípọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀ wà lára adùn rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ibi ni mo ń jókòó sí. Ọwọ́ tó ń gba owó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Olóúnjẹ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò fi ọmọ tàbí àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gba owó, kí ọwọ́ tirẹ̀ má baà kan nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, màá yọjú wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́: bí omi kejì bá ti dọ́gba pẹ̀lú omi àkọ́kọ́ ní dúdú, màá kí wọn dáadáa, màá sì bá tèmi lọ. Òróró tó ń yọ fóòmù, tí òórùn rẹ̀ sì ń gún ènìyàn nímú láti òkèèrè, ti àná tàbí ti ìjẹta ni, kò sì sí bí ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe lè dùn tó tí yóò bò ó. Ní àsìkò òjò ńlá, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje, nígbà tí omi bá ń kún ní àwọn àdúgbò tó wà létí ọ̀sà, n kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́ tútù tàbí omi tí n kò mọ ibi tó ti wá, bó ti wù kí ilé oúnjẹ náà mọ́ tó. Ohun tó kúrò lórí iná lójú mi nìkan ni mò ń jẹ. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Kafetéríà ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù: tábìlì gígùn kan, bẹ́ǹṣì méjì, omi gbígbóná nínú kẹ́túlù, agolo Nescafé, mílíìkì inú agolo tó ki tó sì dùn, ẹyin tí wọ́n ń fọ́ sínú páànù pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà, àti búrẹ́dì gígùn tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wa. Ọkùnrin ló ń dáná níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ìyá mi kì bá tí gbà gbọ́. Kí n má parọ́, oúnjẹ wọn kì í mú orí mi yá. Ìyẹ̀fun àlìkámà, òkè òkun ló ti ń wá. Bó bá wọ́n lọ́hùn-ún, búrẹ́dì á fúyẹ́ níbí, tíì wọn náà sì máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni mò ń bá lọ. Yorùbá, Gùn àti Faransé ni wọ́n á dà pọ̀ nínú àríyànjiyàn kan ṣoṣo lórí bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ń pàdánù á sì yí sí èdè tí ẹnìkejì kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, orí bẹ́ǹṣì kafetéríà ni mo ti gbọ́ pé epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò fàyàwọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ti gbówó lórí. Inú ń bí àwọn oní-zémìjàn gidigidi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìrẹsì 200 bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn nínú abọ́ mi, nítorí ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì wá sọ́jà, epo ló ń rà.

Àwọn ilé oúnjẹ tó ní fáànù àti aṣọ orí tábìlì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra. Mo mú àbúrò mi tó wá láti Èkó lọ sí ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹyin dé tútù, búrẹ́dì àná ni wọ́n gbé fún wa, ẹni tó ń gbé oúnjẹ náà sì ń wo fóònù rẹ̀ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. A béèrè ata, wọ́n ní kò sí. Ní Àjàṣẹ́! Owó tí a san níbẹ̀ ì bá ra àkàrà fún gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá ní àlejò tó ń fẹ́ àga tó ní ẹ̀yìn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, Centre Songhaï ní Ouando ni mo ń mú wọn lọ báyìí. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Bàbá Godfrey Nzamujo, ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1985 láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí ènìyàn ń rí nínú abọ́ níbẹ̀ ló sì jẹ́ ohun tí wọ́n gbìn tàbí tí wọ́n sìn fúnra wọn. Omi èso wọn dára púpọ̀. Síbẹ̀, àlejò mi nìkan ni mo máa ń tìtorí wọn lọ. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn kì í bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

Láti di oníbàárà gidi gba sùúrù, ó sì ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè retí èènì. Èmi ń rí tèmi gbà: àkàrà kan tó kéré, tó sì gbẹ díẹ̀ ju àwọn yòókù, tí obìnrin náà máa ń fà sẹ́yìn fún mi nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí kò jáde fún ìgbà pípẹ́, àwa tí a ń jẹun níbẹ̀ la lọ kí i nílé, tí a sì dáwó jọ. Ẹni tó jẹ èènì lọ́dún kan tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹni tó fún un, ojú yóò tì í nígbà tí agbada bá tún padà dé orí iná. Nínú oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ wọn kì í dáná láàárọ̀ ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde láti ta ògì àti àkàrà fún àwọn tó fẹ́ ṣínu, nítorí náà èmi tí n kì í gbààwẹ̀ á padà sí ìdí ààrò mi títí ọdún á fi dé. Ara mi kì í fi bẹ́ẹ̀ yá nínú oṣù náà, n kò sì lè sọ pé ebi nìkan ló fà á.

Bí mo bá lọ sí Kétu, ìlú ìyá mi, ètò náà yí padà. Iṣu ló jọba lọ́hùn-ún, dùndún gbígbóná àti ata sì ni mo máa ń wá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Bí ènìyàn bá tún kọjá lọ sí Ṣábẹ, ohùn odó ni yóò jí i, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi iyán bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti dán an wò. Oorun kò jẹ́ kí n rí ohun tí mo bá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí ó jí, kí ó fi omi bọ́jú, kí ó má sì mu tíì kankan nílé. Kí ó kí olóúnjẹ kó tó béèrè ohunkóhun, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ owó yóò pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Pàtàkì jù lọ, kí ó wá owó onírin dání, 25, 50 àti 100, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí ohun tó lè ba àárọ̀ alákàrà jẹ́ bíi kí ènìyàn yọ 10,000 séfà síta ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ nítorí àkàrà 150. Kò ní ṣẹ́ńjì, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní ṣẹ́ńjì, ọmọ tó ń gba owó á sì gbéra lọ wá a káàkiri àdúgbò, títí àkàrà tí ẹ torí rẹ̀ jí á fi tutù sínú abọ́.